Àwọ̀ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bí ẹ bá dé Ayétòrò tí ẹ fẹ́ mọ irú ọ̀dà tó wà ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ má wulẹ̀ máa kanlẹ̀kùn kiri. Ilé Ìdírísù pẹ́ńtà ni kí ẹ lọ. Gbogbo wa la wà lára ògiri rẹ̀. Ilé àlùfáà wà níbẹ̀, ilé lèmọ́mù wà níbẹ̀, ilé ọkùnrin tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn tó ti sọ fún gbogbo wa pé ọwọ́ òun ò gbà náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Tíṣà ni mí, Alfred lorúkọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu tíṣà kì í fẹ̀yìn tì. Ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Ìdírísù, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, mo fojú ara mi rí i ni, tàbí kí n gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Kútọnu ni Ìdírísù ti kọ́ṣẹ́ ọ̀dà kíkùn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ohun méjì ló mú bọ̀ láti ibẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ kan, "sẹfiní," tí àwọn ará Kútọnu máa ń sọ bí nǹkan bá ti parí. Bó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri kẹ́yìn, á fà sẹ́yìn, á nu ọwọ́, á ní, "Sẹfiní," kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. Èkejì ni ìlànà kan tí n kò rí pẹ́ńtà mìíràn tó ní sùúrù rẹ̀. Kì í kun àwọ̀ kankan sílé oníbàárà láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ kun díẹ̀ sára ògiri pálọ̀ tirẹ̀, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó sì wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Á wò ó láàárọ̀, á wò ó lọ́sàn-án gangan, á tún wò ó nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Oníbàárà náà gbọ́dọ̀ wá jókòó tì í kó wò ó. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọ̀ ló ń ṣe ojú ayé ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjì-méjì, oníbàárà lórí oníbàárà, títí pálọ̀ náà fi dà bí ẹ̀wù tí wọ́n ti lẹ̀ ní igba ojú. Ọ̀kan péré ló gbàgbé. Bí ẹ bá nàka sí èyíkéyìí nínú ìyókù, á sọ ilé tó jẹ́ tirẹ̀ àti ọdún tó kùn ún.

Ní ti Ìdírísù, ọ̀nà méjì péré ni àwọ̀ inú ilé pín sí. Èkíní ni èyí tó ń pè ní àwọ̀ pẹ̀lẹ́: funfun, kíríìmù, àwọ̀ eérú, àti gbogbo ìbátan wọn. Èkejì ni àwọ̀ gbígbóná: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, àwọ̀ bíríkì, àwọ̀ epo. Ó ní àwọ̀ pẹ̀lẹ́ máa ń mú yàrá fẹ̀, ó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ láyè, kì í sì bá kọ́tìnì tàbí tìmùtìmù jà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè pa àṣírí mọ́. Orí àlejò tó para lóòróró, ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà, ìgbẹ́ ọmọọ́lé, gbogbo rẹ̀ ló máa fi han ayé. Àwọ̀ gbígbóná ní tirẹ̀ á ti kí àlejò káàbọ̀ kí onílé tó ráyè dìde, á sì máa bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ó ń mú yàrá kéré, bó bá sì di ọ̀sán, ẹ ó rò pé wọ́n gbé ààrò wọlé ni.

Kó tó gbà yín nímọ̀ràn, á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ẹ mélòó lẹ wà nílé? Ta ló máa ń tètè bínú? Ọ̀nà ibo ni oòrùn ń gbà wọ yàrá? Àwọ̀ wo ló máa ń dùn mọ́ yín nínú? Ó bi mí ní gbogbo ìwọ̀nyí ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí mo fẹ́ kun pálọ̀ mi. Èmi nìkan ni mo dáhùn, torí pé ìyàwó mi, Edith, ìyá Ẹ̀ríolúwa, wà nípàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Èyí tí mo yàn ni àwọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ kì í rí i bí ilẹ̀kùn pálọ̀ Ìdírísù bá wà ní ṣíṣí, torí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ló wà. Òjò tàbí ọyẹ́ ló ní láti mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó rí i. Kì í ṣe àwọ̀ pẹ̀lẹ́, kì í ṣe àwọ̀ gbígbóná. Ó jọ ògì bàbà tí wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti rí i kì í fẹ́ wo òmíràn mọ́. Ilé mẹ́tàdínlógún ní Ayétòrò ló ti wà, ó dé Àfọ̀n, ó dé Ìlaròó. Ohun kan ló kàn ń bí Ìdírísù nínú nípa rẹ̀: bó ti wù kó pò ó tó, ó máa ń kù díẹ̀ kó jọ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òun nìkan náà sì ni kò rántí ẹni tó ni ín nínú gbogbo àwọ̀ ara ògiri náà. Ó ní oníbàárà kan ni, nígbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ onítọ̀hún ò padà wá.

Ìyàwó rẹ̀ ni Àṣíáwù, ìyá Azeezat. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì ló ń tà fún àwọn télọ̀. Ẹ mú aṣọ tó bá wù yín lọ bá a, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, á fa òwú tó bá a mu gẹ́ẹ́ yọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ náà ti wà lórí iná.

Ìparí oṣù kìíní ọdún yìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan látinú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn wá kí Àṣíáwù. Ó wo ògiri yíká, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ń tún ilé ṣe ni?"

Àṣíáwù ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?"

"Ó pé ọdún méjìlélógún báyìí."

Àlejò náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àṣíáwù ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ́ kó jẹun tán, ó wá ní, "Bàbá Azeezat, gbogbo ilé tó wà nílùú yìí ló wà nínú ilé mi, àfi ilé mi. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí lára ògiri yìí kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá ráyè, màá pe Purity."

Ojú fèrèsé ni mo wà, mo ń bomi rin ewúro mi. Mo jẹ́ kí omi náà máa ṣàn lọ.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí Purity jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó lè dùn yín bó ṣe dun Ìdírísù. Ọmọbìnrin kan ni tó wá kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí. Ẹja ni wọ́n ní kó wá kọ́ bí wọ́n ti ń sìn, ló bá di pẹ́ńtà. Ó ní káàdì àwọ̀ kan tó máa ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, ó sì máa ń fi fóònù ya ògiri yín kó lè fi hàn yín bí yóò ṣe rí kó tó kùn ún rárá. Àwọ̀ pẹ̀lẹ́ nìkan ló mọ̀. Bí pẹ́ńtà mìíràn bá kun ilé pẹ́ńtà, ta ló tún máa pe onílé náà síṣẹ́? Ìdírísù mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri òun, ọjọ́ náà lorúkọ òun parí ní Ayétòrò. Ó wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ yẹn, ó jókòó.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní kó lọ kun ilé, kó sì yé ṣojo. Ó gbìyànjú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó po kíríìmù, ó dà á nù. Ó po àwọ̀ ìyeyè, ó dà á nù. Ẹni tó ti yan àwọ̀ fún igba ilé kò lè yan ọ̀kan fún tirẹ̀. Ó ní gbogbo èyí tóun bá gbé sókè lóun ń rí ojú oníbàárà kan nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Purity dé pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìdírísù dáadáa, èyí tó tún dun bàbá náà jù. Ó fi ìka tọ́ ògiri, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, àwọ̀ ti pọ̀ jù níbí. Ojú gbọ́dọ̀ sinmi. Àwọ̀ eérú tó fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa bá a mu."

Ìdírísù ní, "Àwọ̀ eérú. Ṣé ilé ni àbí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà?"

"Èwo lẹ̀yin fẹ́, Bàbá?"

Ó ti gbàgbé pé òun ò tíì yan ọ̀kan. Ìbínú ló yàn án fún un. Ó ní, "Bíríkì."

Àṣíáwù fi òwú tó ń ká sílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri. Kí oníkálukú wọn kun àwọ̀ tirẹ̀ sára pátákó gbàǹgbà kan, kí wọ́n gbé e wá sí pálọ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí di Sátidé. "Ìlànà yín náà ni, Bàbá Azeezat. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́." Ìdírísù lọ wá pátákó.

Mo jẹ́wọ́ pé n kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́sẹ̀ náà. Àárọ̀ ni mo ti ń lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ti Purity lẹ́wà débi pé inú bí mi. Pálọ̀ náà fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé títí dé abẹ́ àga, mo rí owó ẹyọ kan tí Ìdírísù ti ń wá tipẹ́. Ìdírísù kàn ń hú ikọ́ tí kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò tíì lọ tán, ọ̀nà iwájú ilé wa kò sì ní ọ̀dà títì. Ọ̀kadà kan kọjá, iyẹ̀pẹ̀ pupa wọlé. Òmíràn kọjá, òmíràn wọlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, a ti lè fi ìka kọ̀wé sára pátákó Purity. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo kọ ọ́. "A" lásán ni mo kọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn kàwé níbí. Purity fi aṣọ tútù nù ún, ó bá di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ojú òróró kan yọ lára rẹ̀, róbótó, níbi tí ẹnìkan ti fi orí tì í. Kí n má purọ́, orí mi ni.

Ìdírísù wá sinmi. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wo ti òun, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti wà tí kò sẹ́ni tó rí i. Òótọ́ ni. Nírọ̀lẹ́ pàápàá, bíríkì náà ń tàn rẹ́súrẹ́sú, ó ń wù mí kí wọ́n ní kí n wá jẹun. Àmọ́ láago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó kọlu pátákó náà, ojú gbogbo wa sì pọ́n. Àṣíáwù fi ìbòrí fẹ́ra. Omi ife mẹ́rin ni mo mu. Ìdírísù àti èmi ń ta dráfùtì, bá a ṣe ń ta á láti ọdún mọ́kànlá, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ara wa lórí nítorí ọmọ dráfùtì kan. Mo pè é ní olójúkòkòrò. Ó pè mí ní arúgbó tí kò ní iṣẹ́.

Purity ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá. Àwọ̀ yẹn ló ń bá yín jà."

Àṣíáwù ní, "Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò lè bá a gbé."

Sátidé dé. Gbogbo wa jókòó. Àṣíáwù wo pátákó méjèèjì, ó ní, "Purity, tìrẹ dára fún ìlú tí ọ̀dà wà lójú títì rẹ̀. Bàbá Azeezat, tiyín dára fún òtútù. N kò fẹ́ èyíkéyìí."

Ojú Ìdírísù rẹ̀wẹ̀sì. Ó dìde, ó dúró láàárín pálọ̀ náà, ó ń wo ògiri yíká bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ lọ́jà. Ó wá lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan. Bí kò bá jẹ́ èyí, n ò mọ òmíràn mọ́. Kí Purity wá máa kùn ún."

Purity bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí káàdì rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ọn, ó tún ṣí i. Kò rí èyí tó jọ ọ́. Iyẹ̀pẹ̀ tó bo gbogbo nǹkan ní pálọ̀ náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò hàn. Ó ní, "Bàbá, èyí mà dára o. Ta ló pò ó?"

"Oníbàárà kan ni. Kò padà wá mọ́."

"Báwo ló ṣe máa padà wá," Àṣíáwù ní, "nígbà tí kò lọ?"

Kò sẹ́ni tó yé nínú wa. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, a gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí. Ó jáde pẹ̀lú ọmọrogùn kan tó fi akísà wé. Ó tú u. Ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ẹnu ọmọrogùn náà. Àwọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni.

Ó wá sọ ọ́, kò sì gbé ohùn sókè. Oṣù kejì tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ ni. Ìdírísù lọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Ìpókíá, ó fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ògiri funfun àti ìṣẹ́kù ọ̀dà ní ìdí garawa. Òun wá mú kíríìmù díẹ̀, òun mú bíríkì díẹ̀ sí i. Òun jọ iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé, òun bù ú sí i, òun fi ọmọrogùn rò ó títí ó fi tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lòun kùn ún sí, torí ojú ń ti òun.

"Mo ní bẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó bi mí pé ta ló ṣe é. Ẹ dé, ẹ wò ó, ẹ ní, 'Àwọ̀ yìí dára,' ẹ wá ní kí n bu omi wá. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè. Ẹ ò bèèrè. Lẹ́yìn ilé kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lẹ́rìn-ín. Mo máa ń lọ kí àwọn ènìyàn kí n lè jókòó nínú àwọ̀ mi. Àmọ́ ó dùn mí, Bàbá Azeezat. Gbogbo ìlú lẹ bi léèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹ ò bi èmi rí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sá lọ. Purity ti tẹrí ba, ó ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdírísù jókòó sórí garawa tó dojú dé. Ó gba ọmọrogùn náà, ó ń yí i lọ́wọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò gbìyànjú láti nù ún.

Ó ní, "Ìyá Azeezat, jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lo fẹ́?"

Àṣíáwù ní, "Ẹ lọ jọ iyẹ̀pẹ̀ wá."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kùn ún. Àṣíáwù ló ń po ọ̀dà, Purity ló ń kun etí ògiri níbi tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n, Ìdírísù ló ń gbé garawa, ó ń gun àkàbà. Mo dúró títí mo fi rí i tí wọ́n kun àtẹ́lẹwọ́ méjì tèmi lára ògiri náà bò. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a ò rí ibi tí tàtijọ́ parí sí tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ìdírísù fà sẹ́yìn, ó nu ọwọ́, ó la ẹnu. Ó tún wo ìyàwó rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Àṣíáwù wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò kánjú.

Ó ní, "Sẹfiní."

Orúkọ Ìdírísù ò bà jẹ́ o. Ohun tó kàn yí padà ni pé ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti ń dán àwọ̀ wò báyìí. Bí ẹnìkan bá sì bèèrè àwọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi ẹni tó ni ín." Ìgbà mìíràn Àṣíáwù á gbà, ìgbà mìíràn kò ní gbà, kò sì jẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi ní tèmi, ọkàn mi balẹ̀. Aládùúgbò ni mí, ọdún mẹ́jọ sì ni mo ti ń lò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá Àṣíáwù nídìí òwú rẹ̀ pé ọ̀dà pálọ̀ mi ti ṣá, mo sì fẹ́ èyí tó péye lọ́tẹ̀ yìí, tó ní iyẹ̀pẹ̀ nínú.

Ó ń wá òwú fún télọ̀ kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kò burú, Tíṣà. Kí ni Ìyá Ẹ̀ríolúwa sọ?"

Mo ní, "Nípa kí ni?"

Ó wá gbójú sókè wò mí. Mo dágbére, mo lọ sílé. Edith wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo fa àpótí sún mọ́ ọn, mo jókòó, mo bi í pé àwọ̀ wo ló fẹ́ kí pálọ̀ wa jẹ́. Ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà náà sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ara mi yá.